Báńkì àwọn ahunṣọ Wellington, àti owó tí wọ́n tẹ̀ fúnra wọn

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ báńkì kan fún yín lónìí tó ti wà lọ́kàn mi ọjọ́ pẹ́. Fox, Fowler and Company lorúkọ ẹ̀, ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Wellington, lágbègbè Somerset nílẹ̀ England, ló fìdí kalẹ̀ sí. Ẹni tó bá ka ìtàn nílé ìwé á rántí Duke of Wellington tó ṣẹ́gun Napoleon ní Waterloo, orúkọ ìlú yìí ló fi joyè, àmọ́ ọ̀rọ̀ ogun kọ́ ló gbé mi débí. Nínú gbogbo báńkì aládàáni ilẹ̀ England tó ń tẹ owó bébà tiwọn, báńkì yìí ló kẹ́yìn, owó tí wọ́n kọ orúkọ báńkì àti orúkọ ìlú sí lára gàdàgbà, wọ́n sì ń ná an títí di ọdún 1921. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa o. Nígbà tá à ń wí yìí, ogun àgbáyé kìíní ti parí, bàlúù ti ń fò, níbí nílẹ̀ Èkìtì àwọn bàbá bàbá wa ti ń gbin kòkó, síbẹ̀ èèyàn lè wọ ṣọ́ọ̀bù ní Wellington kó kó pọ́n-ùn márùn-ún tí báńkì àdúgbò ẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, kí oníṣọ́ọ̀bù sì gbà á láìjanpata.

Aṣọ ni ìdílé Fox ń ṣe kí wọ́n tó mọ nǹkan tó ń jẹ́ báńkì. Wọ́n á ra irun àgùntàn lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n ran án di òwú, wọ́n á hun ún, wọ́n á rẹ ẹ́ láró, aṣọ nípọnnípọn tí wọ́n ń pè ní serge ló pọ̀ jù níbẹ̀, East India Company, ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń bá ilẹ̀ Éṣíà ṣòwò, sì ń kó lára ẹ̀ lọ títí dé Ṣáínà. Àwa ará Èkìtì ò ṣàjèjì sírú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣá, ìyá bàbá mi hun kíjìpá títí ojú ẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, mo ṣì rántí òfì ẹ̀ tó dúró ṣánṣán lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àmọ́ ìyá bàbá mi ló ń dá hun tiẹ̀, kò sẹ́ni tó ń retí owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn Fox ní èèyàn rẹpẹtẹ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, àwọn aranwùú, àwọn ahunṣọ, àwọn aláró, tó bá sì ti tó àkókò owó, gbogbo wọn ló máa na ọwọ́.

Owó wo ni wọ́n fẹ́ san fún wọn? Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Lásìkò yẹn ilé iṣẹ́ tó ń rọ owó fún ọba England ò rọ fàdákà tó nǹkan mọ́, kọ́ìn bàbà tó sì wà nílùú, ayédèrú pọ̀ nínú ẹ̀ bí nǹkan míì. Wúrà wà, àmọ́ ta ló fẹ́ fi wúrà san owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan fún obìnrin tó ń ranwùú? Ọdún 1787 làwọn Fox bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báńkì, lọ́dún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ tó ń wa bàbà ní Anglesey ní Wales, Parys Mine Company, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ kọ́ìn tiwọn fúnra wọn torí pé wọn ò rí owó wẹ́wẹ́ san fáwọn òṣìṣẹ́ wọn, àwọn ilé iṣẹ́ míì sì fara wé wọn kíá. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí níbẹ̀ ni pé owó ló wọ́n, tówó bá sì ti wọ́n, àwọn tó ń ṣòwò á wá nǹkan fi dípò ẹ̀, ìjọba fọwọ́ sí i o, ìjọba ò fọwọ́ sí i o.

Nǹkan kejì tó máa ń gbé irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀ dé ìdí báńkì ni London. Aṣọ tí wọ́n tà, London lowó ẹ̀ ń wọlé sí. Àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́jà tó wà nígbèríko náà sì ní owó tí wọ́n fẹ́ san ní London, owó orí, owó ọjà tí wọ́n rà. Ta ló máa di wúrà sínú kẹ̀kẹ́ ẹṣin, kó máa gbé e lọ lójú ọ̀nà táwọn adigunjalè wà? Ó rọrùn kí àgbẹ̀ kó wúrà ẹ̀ fún oníṣòwò aṣọ tó mọ̀ nílùú ẹ̀, kí oníṣòwò yẹn kọ ìwé fún un pé kí aṣojú òun ní London san iye kan náà. Oníṣòwò rí wúrà tó fi máa san owó òṣìṣẹ́, àgbẹ̀ rí owó san ní London, wúrà ò kúrò lójú kan. Tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, tí kò sẹ́ni tó ń kánjú gbé e lọ gba wúrà, kí lẹ fẹ́ pè é bí ò ṣe owó? Báwọn báńkì ìgbèríko England ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1750 gbogbo wọn pọ̀ ò ju bíi 12 lọ, nígbà tó fi máa di 1810 wọ́n ti lé ní 600, àwọn ahunṣọ ló dá òmíì sílẹ̀, àwọn tó ń pọntí ló dá òmíì sílẹ̀, àwọn oníṣòwò ọkà, àwọn lọ́yà, ẹni tó ṣáà ti níyì láàárín ìlú tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ kì í yẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo owó ọ̀hún fínnífínní, torí òun ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ojú kan ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ á funfun báláú. Lókè, orúkọ báńkì àti ìlú. Nísàlẹ̀ ẹ̀, ìlérí kan ṣoṣo tí wọ́n fi lẹ́tà rírẹwà kọ, pé mo ṣèlérí láti san pọ́n-ùn márùn-ún fún ẹni tó bá mú ìwé yìí wá, nígbàkígbà tó bá béèrè. Wọ́n á kọ orúkọ báńkì tó jẹ́ aṣojú wọn ní London sí i, pé ẹni tí ò bá lè dé ìlú wọn lè gbà á níbẹ̀. Nọ́ńbà àti déètì, ọwọ́ ni wọ́n sábà fi ń kọ ọ́, tádàwà. Lápá ọ̀tún nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀kan nínú àwọn tó ni báńkì á wá sáìnì ẹ̀, ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi sáìnì, tí ò bá sáìnì bébà lásán ni. Tówó náà bá padà wálé tí wọ́n sì ti san wúrà ẹ̀ tí wọn ò fẹ́ kó jáde mọ́, wọ́n á gé ibi tí wọ́n sáìnì yẹn kúrò tàbí kí wọ́n fàlà gbọọrọ lé e lórí, ìlérí ti parí nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà tó wú mi lórí. Táwọn èèyàn bá fẹ́ fi owó bébà ránṣẹ́ nínú lẹ́tà, wọ́n á gé e sí méjì lágbedeméjì! Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìdajì kan ránṣẹ́, wọ́n á dúró, tí ẹni tó wà lọ́hùn-ún bá ti kọ̀wé padà pé ó ti tẹ òun lọ́wọ́, wọ́n á wá fi ìdajì kejì ránṣẹ́, ìyẹn á lẹ méjèèjì pọ̀, á gbé e lọ sí báńkì. Olè tó bá jí lẹ́tà kan, ìdajì ló rí, kò sì wúlò fún un. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń jí owó gbé lójú ọ̀nà láyé ìgbà yẹn á mọ̀ pé ọgbọ́n ńlá ni.

Èrè tí báńkì ń rí níbẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó bá fi owó bébà Fox sínú àpò fún oṣù mẹ́ta, ó ti yá Fox lówó fún oṣù mẹ́ta láìgba èlé nìyẹn, Fox sì lè yá àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò kan lówó ọ̀hún, kó gba èlé lórí ẹ̀, òfin ìgbà náà ò gbà kó ju 5 nínú 100 lọ́dún. Gbogbo ìgbà táwọn èèyàn bá ń ná bébà náà láàárín ara wọn, tí wọn ò gbé e wá gba wúrà, èrè ni. Ewu ẹ̀ náà ò fara sin, tí gbogbo ìlú bá jí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wúrà àwọn, kò sí báńkì kankan láyé tó ní wúrà tó tó gbogbo bébà tó ti sáìnì.

Kí ló wá ń jẹ́ káwọn èèyàn gbà á? Ìdáhùn tèmi rèé, òun ló sì mú kí n kọ gbogbo èyí. Lákọ̀ọ́kọ́, òfin ilẹ̀ England títí di 1826 ò gbà kí èèyàn tó ni irú báńkì bẹ́ẹ̀ ju mẹ́fà lọ, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn ló sì máa fi gbogbo ohun tí wọ́n ní láyé dúró fún gbèsè báńkì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, gbogbo ohun tí wọ́n ní ni mo wí, kì í ṣe owó tí wọ́n kó sínú báńkì nìkan. Ilé tí wọ́n ń gbé, ilé iṣẹ́ aṣọ, ilẹ̀, ẹṣin, àga. Thomas Fox kọ́ ilé ńlá kan sí Wellington ní 1801, Tone Dale House lorúkọ ẹ̀, ilé náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó gba owó Fox nínú ọjà mọ ilé yẹn, ó mọ ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà nítòsí ẹ̀, ó mọ̀ pé tí báńkì bá wọ gbèsè, ilé yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ tà kóun tó pàdánù kọ́bọ̀. Ìkejì, Quaker ni ìdílé Fox, ìjọ onígbàgbọ́ kan nílẹ̀ England, àwọn ọmọ ìjọ náà ò sì fojú kékeré wo gbèsè rárá. Ẹni tó bá jẹ gbèsè tí kò lè san, àwọn àgbà ìjọ á pè é jókòó, wọ́n á yẹ ìwé ẹ̀ wò, tó bá jẹ́ àìbìkítà ẹ̀ ló fà á, wọ́n lè yọ ọ́ lẹ́gbẹ́. Èèyàn tí wọ́n yọ lẹ́gbẹ́ nínú ìjọ tí wọ́n bí i sí, tí wọ́n bí ìyàwó ẹ̀ sí, tó ń bá ṣòwò, kí ló kù fún un?

Síbẹ̀ n ò ní purọ́ fún yín pé gbogbo báńkì ìgbèríko ló rí bíi ti Fox. Púpọ̀ nínú wọn ló kógbá sílé, wọ́n sì kó owó ọlọ́mọ lọ. Ní February 1797 táwọn ọmọ ogun Faransé gúnlẹ̀ sí Fishguard ní Wales, jìnnìjìnnì bo gbogbo ìlú, kálukú sáré lọ gba wúrà, ìjọba ní kí Bank of England dáwọ́ wúrà sísan dúró, wọn ò sì padà sídìí ẹ̀ pátápátá títí di 1821. Àsìkò yẹn ni bébà pọ́n-ùn kan àti pọ́n-ùn méjì gbalé gboko. Èyí tó burú jù wá ṣẹlẹ̀ ní December 1825. Báńkì London kan tó lórúkọ, Pole, Thornton, ṣubú, ó sì jẹ́ pé òun ni aṣojú ọ̀pọ̀ báńkì ìgbèríko, kí wọ́n tó ṣẹ́jú pẹ́ báńkì tó lé ní 60 ti tilẹ̀kùn. Àwọn lébìrà àti àwọn ọlọ́jà kéékèèké tí wọ́n ní pọ́n-ùn kan pọ́n-ùn kan lọ́wọ́ ló jẹ̀yà jù, torí olówó ti gbọ́ ìró kó tó di ariwo. Ìjọba wá ṣòfin ní 1826 pé kò sí báńkì ní England tó gbọ́dọ̀ tẹ owó tí ò tó pọ́n-ùn márùn-ún mọ́, nígbà tó fi máa di 1829 àwọn kéékèèké yẹn ti kúrò nílẹ̀. Látìgbà yẹn, bébà Fox ti di owó àwọn olówó nìyẹn, pọ́n-ùn márùn-ún ju owó iṣẹ́ oṣù kan lọ fún lébìrà oko. Èmi rò pé òfin yẹn dáa, mo mọ̀ pé àwọn kan ò ní gbà. (Àwọn ará Scotland kọ̀ jálẹ̀ ní tiwọn, títí dòní báńkì mẹ́ta ṣì ń tẹ owó níbẹ̀, Bank of Scotland, Royal Bank of Scotland àti Clydesdale.)

Ẹni tó bá wà ní Adó ní February 2023, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣòro fún un láti lóye. Ẹ rántí pé CBN ní kí àwọn owó àtijọ́ má ṣe níná mọ́, tuntun ò sì sí ní báńkì, àwọn oní-POS ń gba owó gọbọi kí wọ́n tó fún èèyàn ní ẹgbẹ̀rún kan náírà, tráńsífà ń lọ ó ń bọ̀. Ìyá kan wà ládùúgbò wa tó ń ta búrẹ́dì àti próvísọ̀n. Táwọn kọ́sítọ́mà ẹ̀ bá ti ṣe tráńsífà tí kò rí ṣéńjì fún wọn, á gé páálí bíńtín, á fi báírò kọ "500" sí i, déètì, á wá sáìnì ẹ̀ lọ́nà tiẹ̀ tó fi máa ń fa ìrù lẹ́tà tó kẹ́yìn wálẹ̀ gbọọrọ. Kò ju kẹ́ ẹ padà wá fi gba ọjà lọ, ohun tó rò nìyẹn. Àmọ́ kò pẹ́, ọlọ́kadà kan gba páálí yẹn lọ́wọ́ ẹnì kan tó gbé, torí pé ọ̀dọ̀ màmá yìí lòun náà ti ń ra búrẹ́dì láràárọ̀. Ẹlẹ́ran náà gbà á. Mo rí ọ̀kan tó ti dọ̀tí, tí wọ́n ti ká a mọ́lẹ̀ lọ́nà mẹ́rin, ó ti rìn jìnnà ju bí màmá ṣe rò lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Nígbà tí kóòtù tó ga jù dájọ́ ní March 3 pé owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná, tówó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú padà, màmá gba páálí ẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó mọ́ ìwé èsẹ́sáìsì tó kọ wọ́n sí, èyí tó bá ti san owó ẹ̀, á fa báírò kọjá lórí ibi tó sáìnì, á fi kọ́ ìṣó ara ògiri. Nígbà tí mo rí i tó ń fàlà yẹn, orí mi wú, torí ohun tí mo kà nípa àwọn báńkì ìgbèríko yẹn gan-an ló ń ṣe láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Wellington. Ohun tó pa owó ìgbèríko nígbẹ̀yìn ni òfin 1844, ti Robert Peel tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà. Òfin yẹn ò sọ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró lójijì o, ó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kò sí báńkì tuntun tó máa tẹ owó mọ́. Àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn aládàáni nínú wọn lé ní 200, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n tí wọ́n ń ná láàárín ọ̀sẹ̀ 12 tó parí sí April 27, 1844. Báńkì tó bá wá ṣubú, tàbí tó dara pọ̀ mọ́ òmíì tó tóbi jù ú lọ, ẹ̀tọ́ yẹn kú nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè jogún ẹ̀. Ní báyìí kí ìjọba máa wòran ló kù. Lọ́dọọdún lọ̀kan ń ṣubú, tí òmíì ń wọnú báńkì ńlá, iye àwọn tó ń tẹ owó ń dín kù.

Àwọn Fox ò tà. Fowler ti dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n ń ṣí ẹ̀ka káàkiri Somerset àti Devon, wọ́n ṣì ń hun aṣọ. Nígbà tí ogun dé ní 1914, ilé iṣẹ́ aṣọ wọn ló ń ṣe aṣọ gbọọrọ táwọn sójà ń wé mọ́ ojúgun. Oṣù August ọdún yẹn náà ni ìjọba England bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bébà pọ́n-ùn kan àti ṣílè mẹ́wàá fúnra ẹ̀, wọ́n ń gba wúrà kúrò lọ́wọ́ ará ìlú díẹ̀díẹ̀, bébà gbogbo wá di bébà lásán. Ní 1921 Lloyds Bank ra Fox, Fowler. Wọn ò wọ gbèsè, kò sẹ́ni tó sáré wá gba wúrà, kò sẹ́ni tó pàdánù kọ́bọ̀. Báńkì ńlá gbé báńkì kékeré mì, nípa òfin Peel ẹ̀tọ́ àtitẹ owó sì kú pẹ̀lú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọdún 77 lẹ́yìn tí wọ́n ṣe òfin náà. Ó ń dùn mí tí mo bá rò ó, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò dùn. Iṣẹ́ tí ìdílé kan ṣe láti 1787 láìba orúkọ ara wọn jẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà míì ni wọ́n gbà. Kó tó di 1863 ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń fún àwọn báńkì láísẹ́ńsì, oríṣiríṣi owó ló wà nígboro débi pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń ra ìwé tó ń jáde déédéé láti fi mọ èyí tó dáa, ayédèrú, àtèyí tí báńkì ẹ̀ ti kú. Ní Michigan lẹ́yìn 1837, àwọn tí ìjọba rán lọ yẹ báńkì wò bá àgbá tí wọ́n kó ìṣó kún inú ẹ̀, tí wọ́n wá da kọ́ìn díẹ̀ bo orí ẹ̀. Nígbà tí ogun abẹ́lé wọn wá ń gba owó, ìjọba Lincoln ṣòfin kan ní February 25, 1863: báńkì tó bá fẹ́ tẹ owó, kó kọ́kọ́ ra ìwé gbèsè ìjọba àpapọ̀, ìyẹn ìwé tí ìjọba ń fún ẹni tó bá yá a lówó, kó fi pamọ́ sí Washington, wọ́n á wá fún un ní bébà tí ò ní ju 90 lọ nínú 100 iye ìwé gbèsè yẹn. Bákan náà ni gbogbo bébà ọ̀hún rí, àyàfi orúkọ báńkì, orúkọ ìlú àti nọ́ńbà láísẹ́ńsì. Láti 1866 wọ́n ń gba owó orí 10 nínú 100 lórí bébà àwọn báńkì ìpínlẹ̀, ìyẹn sì lé wọn kúrò nílẹ̀. Ìlú tí èèyàn ẹ̀ ò tó 6,000, báńkì tó bá ní 50,000 dọ́là lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ní 1900 wọ́n dín in kù sí 25,000 fáwọn ìlú tí ò ju 3,000 èèyàn lọ. Bébà náà á dé láti Washington lódindi, tí wọn ò tíì gé e, ààrẹ báńkì àti kásíà á jókòó sí tábìlì, wọ́n á sáìnì, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dá a dúró ní 1935, wọ́n ti fún báńkì tó lé ní 14,000 ní irú láísẹ́ńsì bẹ́ẹ̀. Ibi tó dáa sí níbẹ̀, tí báńkì bá kú, ẹni tó ní bébà ẹ̀ lọ́wọ́ ò pàdánù, torí ìwé gbèsè wà ní Washington. Ẹni tó fi owó pamọ́ sínú báńkì yẹn ni ò sẹ́ni tó dúró fún, òun ló máa sunkún.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló gbé mi padà sílé. Nílẹ̀ Èkìtì, kò sẹ́ni tó ń sáìnì owó tí àwọn baba wa ná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó ẹyọ ni, ogójì lórí okùn kan, ẹgbàá mẹ́wàá nínú ọ̀kẹ́ kan, ohun tí èèyàn bá kà sọ́wọ́ ni. Àwọn òyìnbó wá kó fàdákà wọn dé, wọ́n dá West African Currency Board sílẹ̀ ní London ní 1912, nígbà tí ogun mú kí fàdákà wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó bébà wá ní 1916. Káàkiri Nàìjíríà làwọn èèyàn ń kọ bébà yẹn, ẹni tó bá gbà á, á ní kí wọ́n dín nǹkan kù lórí ẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi rárá. Owó tí wọ́n ń rì mọ́lẹ̀ nínú ìkòkò, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ rì bébà mọ́lẹ̀ kí ikán má jẹ ẹ́? Àwọn tó sáìnì ẹ̀ sì wà ní London, ta ló mọ ilé wọn? Ìgbà tó di July 1, 1959 ni CBN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí owó Nàìjíríà wá ń jáde láti Èkó.

Ìlú kankan nílẹ̀ wa ò tẹ owó bíi ti Wellington, àmọ́ a ní báńkì ìlú. Láti December 1990 ni ìjọba ti ní kí àwọn ìlú dá community bank sílẹ̀, kí ará ìlú ra ṣíà, kí ọmọ ìlú jẹ́ mánijà. Tiwa náà ṣí. Ọjọ́ ọjà ni màmá mi ń lọ síbẹ̀, ó mọ kásíà, ó mọ bàbá kásíà, owó èlùbọ́ ẹ̀ ló ń kó lọ. Ìfọkàntán yẹn ò yàtọ̀ rárá sí ti Wellington, mo fi dá yín lójú. Nígbà tí ìjọba ní 2005 ní kí gbogbo wọn di microfinance, kí wọ́n ní ogún mílíọ̀nù náírà ó kéré tán kó tó di òpin 2007, tiwa ò rí i kó jọ, wọ́n wá rí i pé owó tí àwọn kan tó sún mọ́ báńkì yá ti lọ, kò sì padà mọ́. Màmá mi ò rí owó ẹ̀ gbà pé. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ títí dòní ni pé kò sí ilé ẹnikẹ́ni tí wọ́n lè tà, kò sì sí ìwé gbèsè kankan níbì kan tó dúró fún ẹni tó fowó pamọ́. Àwọn tó wà lórí ìgbìmọ̀ ò fi nǹkan tiwọn dúró. A gba apá kan nínú ọ̀nà àwọn Fox, pé ká mọ ojú ara wa, a fi apá tó ṣe kókó jù sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá báńkì ìlú tàbí kọpuréétì ńlá sílẹ̀ lónìí nílẹ̀ Èkìtì, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ará ìlú bi í kó tó gbowó lọ́wọ́ wọn nìyẹn: tó bá dàrú, kí lo fi dúró?

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Passbook àwọn community bank yẹn, páálí ṣíà, rìsíìtì, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló wà nínú àpótí àwọn ìyá àti bàbá wa ní Ìkọ̀lé, ní Ìjerò, ní Òmùò, ní Ẹ̀fọ̀n, wọ́n sì máa ń dáná sun ún tí ẹni tó ni ín bá ti kú. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sun ún mọ́. Fox ní ilé tó ṣì dúró, táwọn èèyàn fi ń rántí wọn, tiwa ò ní nǹkan kan ju àwọn ìwé yẹn lọ. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ jẹ́ kí orúkọ báńkì, orúkọ ìlú àti déètì hàn ketekete, kẹ́ ẹ fi nǹkan bo nọ́ńbà àkáǹtì àti orúkọ ẹni tó ni ín, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kan pé ọdún wo ni báńkì ọ̀hún ṣí, ọdún wo ló tì, àti bóyá wọ́n san owó àwọn èèyàn padà.